Ẹ̀bẹ̀ Nípa Kíka Inú Rírun Ará Ìlú Lórí Rédíò Áńbúláǹsì

Ilé Pawluk,
Ọ̀nà Àríwá, lẹ́yìn ilé gogoro àlìkámà,
Dunmarrow, Saskatchewan.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 1992.

Alága àti Àwọn Ọmọ Ìgbìmọ̀,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Dunmarrow,
Gbọ̀ngàn Ìlú,
Dunmarrow, Saskatchewan.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ WỌ́N MÁ ṢE DÁRÚKỌ ALÁÌSÀN ÀTI ÀÌSÀN RẸ̀ LÓRÍ RÉDÍÒ ÁŃBÚLÁǸSÌ MỌ́

1. Èmi ni Lavina, ìyàwó Orest Pawluk. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni olórí ilé ìdáná tó wà nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sì sí ẹnìkan nínú yín tí kò tíì jẹ pèrógì ọwọ́ mi, ìyẹ̀fun sísè tó ní ọ̀dùnkún nínú, rí. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àlejò kan ló wá fẹ́ tẹ́ ìlú. Ọmọ ìlú ni mí. Ìtìjú tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi náà ní ìpín nínú rẹ̀.

2. Ẹ̀sùn mi nìyí. Tí ẹnikẹ́ni bá pe áńbúláǹsì nílùú wa, ilé Ìyáàfin Elvira Stang ni fóònù náà ń dún sí. Òun ló ń kéde lórí rédíò fún àwọn ọmọkùnrin tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa wa ọkọ̀ náà. Èyí dára. Ohun tí kò dára ni pé ó ń dárúkọ ẹni, ó ń sọ ibi tó ń dun ẹni, á tún wá fi àwàdà lé e. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé kì í ṣe àwọn awakọ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ilé wo ló wà ní Dunmarrow tí kò ní rédíò kékeré tó ń gbé ìkéde yẹn lórí fìríìjì? Èmi náà ní ọ̀kan. Mo ti gbọ́ nípa jẹ̀díjẹ̀dí ẹnìkan rí níbi tí mo ti ń gé àlùbọ́sà, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹni yẹn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì gbé àga tó ní tìmùtìmù fún un níṣojú gbogbo ènìyàn. Mo rò pé mo gbọ́n.

3. Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, ó kàn mí. A ṣe àsè ìkórè nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Láti àárọ̀ ni mo ti wà lórí ìdúró, tí mo ń tọ́ gbogbo nǹkan wò: tòlótòló, tọ́nípù, ìrẹsì tí a fi ewé kábéèjì dì, páì elégédé. Nígbà tí mo wá jókòó, mo jẹun dáadáa, n kò ní purọ́. Bí mo ṣe bọ́ bàtà nílé báyìí ni ikùn mi wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mi bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀. Òógùn tútù bò mí. Ìrora náà gun òkè wá sí àyà. Àìsàn ọkàn ló pa ìyá mi, ohun tó sì ń sọ kó tó kú ni pé inú ń run òun. Ẹ̀rù bà mí, Orest sì pe áńbúláǹsì. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bó ṣe yẹ kó ṣe gan-an nìyẹn. Pé ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí inú ń run, tí òógùn tútù ń bò, tí ìrora sì ń gun àyà rẹ̀, kò gbọdọ̀ jókòó máa rò ó wò.

4. Ohun tí Elvira sọ lórí rédíò nìyí, nítorí rédíò tiwa wà ní títàn: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dìde o! Lavina Pawluk ni. Inú ló ń run ún, ó ní òun ń kú lọ. Èmi fojú ara mi rí àwo rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, kì í ṣe ẹyọ kan o! Ẹ yáa ṣí fèrèsé ọkọ̀ sílẹ̀.” Kí ọkọ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà wa, ìlú ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ibi tí ojú irin ti dábùú ọ̀nà, ọkọ̀ fò sókè, mo sì só. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin Ọ̀gá, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè pè é. Mo só, ó dún, ìrora náà sì lọ bí ẹni pé kò wá rí. Delmer Huska tó ń wa ọkọ̀ ní láti dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀rín kò jẹ́ kó ríran. Wọ́n ṣì gbé mi dé ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní afẹ́fẹ́ ni, ó ní kí n máa lọ sílé, ó tún ní mo ṣe dáadáa bí mo ṣe wá. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, n kò gbọ́ ọ lórí rédíò kankan.

5. Ẹ̀sín tó tẹ̀ lé e, ẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé agolo ẹ̀wà tí wọ́n so ríbọ́nì mọ́ sí ẹnu ọ̀nà mi. Àwọn ọmọ tí mo máa ń gbé oúnjẹ fún nílé ìwé á fi ẹnu dún “pùúù” tí mo bá ti kọjá. Lẹ́yìn náà ni àsè ìparí ọdún ti ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi yíyí òkúta lórí yìnyín ṣe eré ìdíje. Wọ́n pè mí síwájú, wọ́n fún mi ní igi onírọ́bà tí a fi ń ti ihò ilé ìgbẹ́ tó bá dí. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kùn ún, wọ́n kọ orúkọ mi sí i lára. Alága wa, ẹ̀yin gan-an lẹ fi lé mi lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé e sókè kí wọ́n lè ya fọ́tò mi. Ká ní ilẹ̀ lanu níbẹ̀ ni, ǹ bá wọnú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé Lavina lọ́yàyà, ó gba àwàdà. Orest nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nínú ọkọ̀ tí a ń wà lọ sílé, ó ní, “Wọn ò ní rí tèmi gbé jó bẹ́ẹ̀ láéláé.” Mo ní kó má bínú, eré ni. N kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ti búra.

6. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kejì, Orest kò jẹun. Ó ní ìdodo òun ń dun òun díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìrora náà ti kúrò ní ìdodo, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, nísàlẹ̀, nítòsí egungun ìbàdí. Ó bì. Ara rẹ̀ gbóná. Tó bá fẹ́ rìn, á tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Tó bá wúkọ́, á di ẹ̀gbẹ́ mú. Mo ní kí n pe Elvira. Ọkùnrin tí kò tíì bú mi rí láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, ó wò mí lójú, ó ní, “Fọwọ́ kan fóònù yẹn, màá fà á tu kúrò lára ògiri. Ẹ̀sín tí wọ́n fi ẹ́ ṣe ò tíì tó ẹ ni? Àbí o fẹ́ kí wọ́n gbé rọ́bà tèmi náà wá, ká gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìẹ?”

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n fi ọkọ̀ tiwa gbé e lọ. Ó gbà. A kò tíì jáde kúrò ní géètì tí taya fi bọ́ sínú ihò kan nínú yìnyín. Ọkọ̀ mì, Orest sì figbe ta bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún. Ó ní kí n dá òun padà sílé, pé òun kò lè jókòó nínú rẹ̀ dé ilé ìwòsàn tó wà ní ìlú ńlá. Ọ̀nà gbágungbàgun ló sì jìnnà níwájú wa. Mo dá a padà. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo dá a padà. Fóònù wà lára ògiri, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo lọ gbé omi kaná. Ẹ̀rù Elvira ló bà mí ju ẹ̀rù ikú lọ, bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́.

7. Mo fún un ní omi atalẹ̀. Mo fún un ní oògùn tí ń ṣí inú, mo sì gbé rọ́bà omi gbígbóná lé e níkùn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi ń pa làpálàpá. Dókítà ní nínú irú ìrora yẹn, kò sí èyí tó dára nínú oògùn tí ń ṣí inú àti omi gbígbóná tí mo lò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, lójijì, ìrora náà lọ. Orest dìde jókòó. Ó ní, “Lavina, ó ti lọ! Ṣé o rí i? Afẹ́fẹ́ ni. À bá ti sọ ara wa di ẹni yẹ̀yẹ́ lásán.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè nínú ilé ìdáná mi. Bí tèmi ṣe lọ náà kọ́ nìyẹn lójú irin? A fi tèmi wọn tirẹ̀. Ó mu ọbẹ̀ bíìtì díẹ̀, ó tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tòun dákẹ́ ju tèmi lọ. A jọ rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì.

Ìgbà tí a ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ̀ka kékeré ara ìfun tí wọ́n ń pè ní apẹ́ńdíìsì ti bẹ́ sí i nínú. Ìdí tí ìrora fi rọlẹ̀ nìyẹn: ohun tó wú ti fọ́, ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì ń ṣàn káàkiri ikùn. Dókítà ní òun ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀, àwọn tó jókòó sílé nítorí pé ara wọn ṣàdédé yá.

8. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ikùn Orest ti le bí pákó, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, kò dá mi mọ̀ dáadáa mọ́. Mo pe Elvira. Mo sọ fún un pé kì í ṣe eré. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo padà sídìí ọkọ mi, mo gbé orí rẹ̀ lé itan. Rédíò tó wà lórí fìríìjì wa sì ní, “Ilé Pawluk tún ni o, ẹ̀yin ọmọ mi! Inú yẹn náà ni! Orest ló kàn báyìí, ó mà ń ràn o. Ẹ rọra máa bọ̀, kí ẹ sì mú nǹkan tí ẹ ó fi dí imú dání.” Mo rò pé Orest kò gbọ́. Ó gbọ́. Ó yíjú sí ògiri, ó sì ń sọkún láìsí ohùn.

Orí yìnyín ni àwọn tó yẹ kó wa ọkọ̀ wà nígbà náà, wọ́n ń yí òkúta lọ́wọ́. Wọ́n parí ìpele tí wọ́n wà kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Delmer fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà, ó dúró lórí ẹní ẹnu ọ̀nà, kò gbà láti wọlé. Ó ní, “Màmá Pawluk, ẹ má bínú. Mo rò pé ìsó ni.” Ọmọ ọkùnrin gìrìwò, ó ń fi ibọ̀wọ́ nu ojú. N kò lè bá a jà. Ta ló kọ́ ọ pé kó rò bẹ́ẹ̀?

9. Orest kò kú. Wọ́n là á níkùn, wọ́n rí ọyún nínú rẹ̀, wọ́n gé lára ìfun rẹ̀ sọnù, wọ́n sì yọ ẹnu ìfun síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Inú àpò kan ni ìgbẹ́ rẹ̀ ń bọ́ sí báyìí. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a padà sínú lọ́jọ́ iwájú, ó sì ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Àpò náà máa ń dún. Ó máa ń dún nígbà tó bá wù ú, kò sí bí Orest ṣe lè dá a dúró. Nítorí náà, tí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé wa, ọkọ mi á dìde lọ tilẹ̀kùn yàrá mọ́ ara rẹ̀, á sì gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Òun tó máa ń tún pápá yìnyín ṣe fún yín ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, kò tíì jáde nílé láti ìgbà tí a ti dé.

10. Mo bi dókítà náà léèrè bí ènìyàn ṣe ń mọ̀yàtọ̀. Ó ń jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn tọkàntọkàn. Ó ní inú rírun tó pọ̀ jù nínú ayé, kì í ṣe nǹkan kan: afẹ́fẹ́, àjẹjù, àìrígbẹ́yà, oúnjẹ tí kò bá ara mu. Èyí máa ń wá, á sì lọ. Ṣùgbọ́n bó bá kúrò ní ìdodo lọ jókòó sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀, kí ènìyàn máa bọ̀. Bí ara gbígbóná bá bá a rìn, tàbí tí ikùn bá le tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, tàbí tí gbogbo ìmìtìtì ọkọ̀ bá ń dun ẹni, kó máa bọ̀. Èébì tí kò dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ nínú èébì, ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà ojú títì, kó máa bọ̀ kíákíá. Aboyún tí inú ń run gidigidi kò gbọdọ̀ dúró rárá. Ẹni tí ikùn rẹ̀ wú tí kò lè ya ìgbẹ́, tí kò sì lè só, òun náà nìyẹn. Nígbà tó dárúkọ ìsó, mo wolẹ̀. Ó ní, “Ìyáàfin, kí ló dé? Ojoojúmọ́ la máa ń bi aláìsàn bóyá ó ti só. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa ni.” Ó ní òun fẹ́ kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn wá bá òun nítorí afẹ́fẹ́ ju kí ẹnìkan ṣoṣo dúró sílé pẹ̀lú irú ti Orest.

11. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Elvira kì í gba owó kankan lọ́wọ́ yín. Àìmọye ìgbà ló ti jí dìde nínú òtútù nítorí ọmọ ẹlòmíràn, kò sì sí ìkà nínú rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbé oúnjẹ wá sílé wa nígbà tí Orest padà dé, kò sì lè wò mí lójú. N kò ní kí ẹ yọ ọ́. Àwàdà rẹ̀, àwa la rà á. Bí a kò bá rẹ́rìn-ín ni, ì bá ti fi í sílẹ̀ tipẹ́.

12. Mo ti fẹ́ dákẹ́, kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sínú ilé wa. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni obìnrin kan tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó funfun bí ìyẹ̀fun. Ó ní ìgbẹ́ òun ti ń dúdú láti ọjọ́ mélòó kan, inú òun ń ta, ojú sì ń ṣú òun. Ó ti ń lo ásípírìn fún orúnkún rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó di apá mi mú, ó ní, “Lavina, jọ̀ọ́, fi ọkọ̀ rẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Má pe Elvira. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ka ìgbẹ́ mi sétí àwọn ọmọ mi.” Ó ní kí n gba ọ̀nà oko, kí ẹnikẹ́ni má baà rí wa. Ó dákú mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú ọ̀nà, mo gbé orí rẹ̀ lé itan, mo sì wa ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn. Egbò inú ikùn ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń fà sí i lára báyìí. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti máa sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo ti gbé orí méjì lé itan nínú ìgbà òtútù kan ṣoṣo, mo sì ń sọ fún yín pé irọ́ ni.

13. Nítorí náà mo bẹ̀ yín:

Kí ìkéde orí rédíò má ṣe ju ibi tí ilé wà lọ, àti pé kí wọ́n yára. Orúkọ àti àìsàn, kí Elvira fi fóònù sọ ọ́ fún awakọ̀ nìkan.

Kí ẹ lẹ ọ̀rọ̀ dókítà tí mo kọ sókè yìí mọ́ ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́, ilé ìtajà àti pápá yìnyín, lọ́nà tí ojú àgbàlagbà lè rí i kà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn ẹ̀sín nítorí àìsàn mọ́ níbi àsè ìlú. Ti ọwọ́ mi wà nínú àpótí tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Alága wa, mo dá a padà fún yín.

14. Òfin yín ni pé kí akọ̀wé ka gbogbo lẹ́tà sókè ní ìpàdé oṣù. Akọ̀wé ti fi inú rere sọ fún mi pé tí mo bá fẹ́, òun lè ké e kúrú, kí òun sì fo ibi tó ń tini lójú. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Orest nídìí tábìlì, ti ìsó, ti àpò, ti ẹkún. Lẹ́yìn náà ló ní, “Jẹ́ kí wọ́n kà á bó ṣe wà. Èmi náà máa wá.” Nítorí náà, kí ẹ má ṣe fo nǹkan kan. Ọkọ mi yóò jókòó ní ìlà iwájú. Ó ṣeé ṣe kí àpò rẹ̀ dún nígbà tí ẹ bá ń kà á. Bó bá dún, mo bẹ akọ̀wé, kó má ṣe dákẹ́. Kó máa ka ìwé náà lọ.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin.

Èmi ni ará ìlú yín,

Lavina Pawluk (Ìyáàfin),
Olórí Ilé Ìdáná Ìsàlẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì, Dunmarrow.